Kàfúrà Inú Jíìpù

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkọ̀ yìí fún mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ni mo rà á, èmi ni mo wo abẹ́ rẹ̀, èmi ni mo fi etí lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Kí ìyá mi tó sọ ọ́, ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀ náà kò ju òórùn kan lọ. Àgbàlá baba kan ní Limawa, nílùú Minna, ni òórùn ọ̀hún ti kàn mí nímú. Igi dóńgóyárò wà láàárín àgbàlá, ewúrẹ́ sùn sábẹ́ rẹ̀, jíìpù aláwọ̀ eérú kan sì dúró lẹ́bàá ògiri. Baba ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wa, òórùn kàfúrà sì jáde pàdé wa. Kì í ṣe ìwọ̀nba èyí tí à ń jù sínú àpótí aṣọ. Ó wọ imú, ó kọjá sí ọ̀fun. Mo sọ nínú ara mi pé ẹni tó bá kó kàfúrà tó báyìí sínú ọkọ̀, nǹkan ló ń bò mọ́lẹ̀.

Má rò pé afẹ́ ni mo fi ń wá jíìpù o. Ìyá mi ló fẹ́ lọ sí Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Fóònù ni wọ́n fi ń kíra, etí ẹ̀gbọ́n ti di, ìyá mi á sì máa pariwo “Èmi ni o! Èmi ni!” títí káàdì á fi tán. Ìbàdí ìyá mi kò gba ìrìn bọ́ọ̀sì mọ́. Ìwọ náà mọ ọ̀nà Mokwa, o mọ bí ihò inú rẹ̀ ṣe rí. Ọjọ́ tí a dán an wò, a kò tíì jìnnà sí Minna tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, a sì yí padà. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ló ń tẹnu mọ́: “Jẹ́ kí n rí i kí ọ̀kan nínú wa tó lọ.” Ọkọ̀ gíga tó lágbára, tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tí kò ní máa ju àgbàlagbà sókè sódò, ni mo ń wá. Èyí tó jẹ́ tuntun kò sí fún irú mi. Àgbà ọkọ̀ ni yóò gbé àgbà ènìyàn.

Mẹkáníìkì mi ló mú mi lọ bá baba. Ọmọ Èkìtì ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Minna débi pé èdè Hausa ló fi ń bú ẹ́ńjìnnì. Òun náà kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìlọrin ni baba, ó fi ohùn mi mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ lèmi náà, ó bi mí ní agbo ilé wa, ó sì sọ owó tó kéré. Kí n tó ná an, ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín in. Mẹkáníìkì fi ìgúnpá gbá mi. Ọjà wo ni ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ń bá oníbàárà ná? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo ti ra ọkọ̀ rí tí wọ́n fi òróró tó ki di ẹnu ẹ́ńjìnnì tó ń ké, tí ó sì dákẹ́ láàárín ọ̀nà Bida. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i?” mẹkáníìkì sọ sí mi létí. “Ẹni tó ń ta ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, tó sì ti gbé e gbóná dè yín, ó ń fi àárẹ̀ rẹ̀ pamọ́ ni. Tútù la ti ń mọ̀ ọ́n.”

A sọ fún baba pé a óò padà wá ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, kí ẹ́ńjìnnì má tíì jí. Ó ní kò burú. Nígbà tí a dé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọkọ̀ tún gbóná. Mo bi í pé kí ló dé. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Àárọ̀ ni mo máa ń gbé e gbóná, ọmọ mi. Kí wọ́n tó pè é.” Ta ló ń pe ọkọ̀? Ewúrẹ́ ni baba ń lé kúrò nídìí táyà.

A kò tún sọ ìgbà tí a óò wá mọ́. Ọ̀sán gangan la já wọ àgbàlá, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì tutù. Mẹkáníìkì wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa kékeré tàn, ó kú, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín dúdú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú mẹkáníìkì fà ro.

“Haba! Kò dára ni?” mo bi í.

“Ó dára, wallahi. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Torí náà, ẹ̀yìn la yíjú sí. Ìjókòó iwájú ti gbó, ó ti ya. Ìjókòó ẹ̀yìn tuntun ni, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀ rí. Nígbà tí a tú u sókè, ìlà gígùn méjì wà lórí irin ilẹ̀ ọkọ̀, bí ibi tí nǹkan wúwo ti ń wọ́ kọjá fún ọjọ́ pípẹ́. “Màlúù jíjí,” ni mẹkáníìkì sọ. Mo ní màlúù kọ́, ẹrù òfin ni. Baba ní eku ló mú òun lo kàfúrà. Bó ṣe ń sọ ọ́, alápatà kan ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ọkọ̀, ó dúró, ó rọra wí nǹkan lábẹ́ ẹnu, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ojú bí ẹni tó parí àdúà. Mo jáde lọ bá ọkùnrin tó ń ta tíì ní ìkángun òpópónà, mo bi í ní Hausa pé níbo ni mọ́tò yẹn máa ń lọ. Kò gbójú sókè. “Duk inda aka kira ta,” ló wí. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti pè é. Ó sì ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn.

Ìbéèrè baba wá burú ju ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lọ. Ó bi mí ibi tí mo ń gbé. Mo ní Barkin Sale. Inú rẹ̀ dùn, mi ò mọ ìdí. Ṣé mo máa ń jí sí ìrun àsùbáà? Ṣé fóònù mi kì í kú? Ṣé ẹ̀rù kì í tètè ba ìyàwó mi? Mo ní, “Bàbá, ọkọ̀ ni mo fẹ́ rà, n kò wá tọrọ ọmọ yín.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ẹnì kan ti wá láti Jikpan, tó fẹ́ sanwó tó jù bẹ́ẹ̀, òun sì ní albarka, òun kò tà, torí pé iṣu ni onítọ̀hún fẹ́ máa fi kó. Ó ní ojú òun ti ń ṣú, òun kò lè wakọ̀ mọ́, àwọn ọmọ òun sì jìnnà.

Ìwé ọkọ̀ pé, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. N kò rí ẹ̀sùn kan dì mú. Mo rà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò rà á.

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, mo gbé ìyá mi sínú ìjókòó ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ kan ìjókòó, ó tún fa imú. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Ta ló ni ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀?” Mo sọ fún un. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

“Ọkọ̀ tó ń gbé òkú lọ sí itẹ́ lo rà. Kàfúrà nìkan kọ́ ló ń rùn yìí. Kàfúrà àti omi ewé màgàríyà ni. Òun la fi ń wẹ̀ wọ́n.”

Ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ti ń wẹ òkú àwọn obìnrin àdúgbò wa láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Èmi ti kírun sí òkú lára rí, n kò wẹ òkú rí. Àpótí aṣọ ni kàfúrà jẹ́ lójú mi. Orí mi gbóná. Limawa ni mo darí ọkọ̀ sí.

Mo bá baba lórí ẹní. Mo ní, “Ẹ rẹ́ mi jẹ!”

“Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá rà á?”

Mo bojú wẹ̀yìn wo jíìpù. Baba tún ní,

“Owó rẹ wà nínú ilé, n kò tíì fọwọ́ kàn án. Bí o bá fẹ́, gbé ọkọ̀ sílẹ̀.”

Mo ti na kọ́kọ́rọ́ sí i, nígbà tí ohùn ìyá mi ti inú ọkọ̀ wá. “Àlàájì, ẹ má dá a lóhùn. Ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ láàyè, ṣé n ó máa bèèrè ẹni tó ti gbé rí? Ìwọ, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, kí o sì sún ìrọ̀rí yẹn mọ́ mi lẹ́yìn. Ìlọrin là ń lọ.”

Ìyá mi kò sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́nà Mokwa. Nígbà tí a dé, kò lè tètè sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gòkè wá bá a. Àwọn méjèèjì jókòó sórí ìjókòó tuntun yẹn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ìyá mi kò sì pariwo mọ́. Ẹ̀gbọ́n fa imú, ó ní, “Òórùn wo nìyí?” Ìyá mi ní, “Òórùn iṣẹ́ mi ni.”

A kò tíì pẹ́ tí a padà dé tí ẹnì kan fi kí sálámà lẹ́nu ọ̀nà wa, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ọkùnrin kan ni, ojú rẹ̀ pupa. Ó ní ní Limawa ni wọ́n ti ní kí òun wá. Bàbá òun ti lọ, itẹ́ òkú sì jìnnà sí apá ibi tí àwọn ń gbé. Ní Barkin Sale, ilé ń pọ̀, ọ̀nà ń gùn, èjìká kò sì lè gbé òkú dé ọ̀hún mọ́. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí inú baba fi dùn sí orúkọ àdúgbò mi. Ìyá mi ti inú yàrá sọ̀rọ̀: “Lọ tú ìjókòó ẹ̀yìn, kí o sì gbé ọkọ̀ gbóná.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé e gbóná láràárọ̀, kí wọ́n tó pè é. Ìyá mi ń bẹ láàyè, ó ní òun kò tíì ṣe tán láti dùbúlẹ̀ níbi tí òun ti jókòó rí. Lọ́jọ́ kan mẹkáníìkì yà kí mi ní kùtùkùtù, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò mí lójú, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Nígbà mìíràn mo ṣì máa ń bínú sí baba yẹn. Ó mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ó bi mí ní gbogbo ìbéèrè tó fẹ́, èmi ni n kò mọ èyí tó yẹ kí n bi í. Ìwọ tó ń gbọ́ mi, sọ òótọ́ fún mi: ṣé ó rẹ́ mi jẹ ni, àbí ó yàn mí?