Ọjọ́ Tí Bọ̀dá Dáre Fi Omi Ata Ṣan Ojú

Òórùn kan ló jáde láti balùwẹ̀ wa ní Kabusa láàárọ̀ àná, ni ẹ̀rín bá pa mí títí mo fi wá ibi jókòó sí. Ọmọ mi ọkùnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n tán, tó wá ń da nǹkan olóòórùn dídùn kan láti inú ìgò sọ́wọ́, tó ń fi gbá èrékè rẹ̀ pà, pà, pà. Ó ní kí awọ ojú òun lè tutù ni. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò tíì rí ibi tí ojú ti ń wá ìtura. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bọ̀dá Dáre fún yín.

Dei-Dei là ń gbé nígbà náà. Bàbá mi àti Bọ̀dá Dáre, àbúrò rẹ̀, jọ ń ta pákó lọ́jà. Omi ṣọ̀wọ́n nínú ọgbà wa kọjá bí ẹ ṣe lè rò ó. Bí máì rúwà bá ti ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ wọlé, tí kẹ́ẹ̀gì ń ró gbì-gbì lórí rẹ̀, ijó ni àwa ọmọdé fi ń pàdé rẹ̀. A kì í da omi nù rárá. Èyí tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ la fi ń fọ ilẹ̀, èyí tí Màámi sì fi ṣan ọlọ lẹ́yìn tó bá lọ ata tán, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Àwọn àgbà ní omi là bù wẹ̀, omi là bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Bọ̀dá Dáre bá a ṣọ̀tá lọ́jọ́ kan ṣá.

Irùngbọ̀n ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bọ̀dá fẹ́ràn irùngbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Àǹtí Fúnkẹ́ jù ú lọ. Bàbá Àǹtí Fúnkẹ́, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì sí Orozo, ti ránṣẹ́ pé onírùngbọ̀n kankan ò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun wá tọrọ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ti lé ọkùnrin kan padà rí, nítorí pé ó gun mọ́tò ẹlòmíì wá, ó sì pè é ní tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí Bọ̀dá bá ṣi ẹsẹ̀ gbé níwájú rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ tọrọ Àǹtí Fúnkẹ́, Bọ̀dá fi dígí kọ́ igi máńgòrò, ó fi ọṣẹ kun ojú títí ó fi funfun bí ẹ̀kọ, ó sì mú abẹ fẹ́lẹ́. Arẹwà ni Màámi máa ń pè é, nítorí ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. “Arẹwà, rọra o, má gé àgbọ̀n jù sílẹ̀!” Bí ó ti fá a tán, ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú. Ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ wá omi nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ba abọ́ kan. Omi ọlọ ata ni.

Yéè! Ẹ ò rí ijó rí! “Mo gbé o! Ojú mi o!” Màámi ké tirẹ̀ náà: “Ye, omi ata mi!” Ẹnìkan ní ká fi epo pa á, ẹnìkan ní iyọ̀ ni. Ata rodo ò mọ ẹni tó ń lọ sílé àna. Níta ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà, “Ga nono!” Mo sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo fà á lọ́wọ́ wọlé. Ó wo Bọ̀dá, ó ní, “Kai! Sànnu, sànnu,” ó sì ń fi ṣíbí onígbá rẹ̀ da wàrà tútù sí i léèrékè. Díẹ̀díẹ̀ ni igbe náà di ìmí ẹ̀dùn. A fi omi tó mọ́ ṣan án, ṣùgbọ́n ojú ti wú, ó sì pọ́n.

Lójú ọ̀nà, bàbá mi ní ká sọ pé oyin ló ta á. A dé Orozo, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Bàbá Àǹtí Fúnkẹ́ fi awò sójú. “Kí ló ṣe ojú ẹ?”

Bàbá mi ti ń wúkọ́ láti dáhùn, ni Bọ̀dá bá là á mọ́lẹ̀. “Omi ata ni, sà. Mo fá irùngbọ̀n nítorí tiyín, mo ṣèèṣì fi omi ọlọ ṣan ojú.”

Èjìká Bàbá Àǹtí Fúnkẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, àfi bí ó ti bú sẹ́rìn-ín tí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú òrí jáde nínú igbá kékeré. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, ó sì ń fi pa èrékè ọ̀tún Bọ̀dá jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kun ọmọ tuntun. Ó wá dúró. “Fúnkẹ́!” ló pè sínú ilé. “Wá fi ọwọ́ tìẹ pa ọ̀kan tó kù.”

Màámi ló kọ́kọ́ pariwo ayọ̀, gbogbo wa sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Omi ẹ̀rọ ti wọ ilé mi, ìgò ọmọ mi sì ń ta sánsán, n kò ní í bú u. Bàbá Àǹtí Fúnkẹ́ ti di olóògbé. Ṣùgbọ́n mo lọ kí Bọ̀dá Dáre láìpẹ́ yìí. Ó ti darúgbó, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n funfun tán. Ó fi òrí pa èrékè ọ̀tún fúnra rẹ̀, ó wá lọ jókòó ti Àǹtí Fúnkẹ́ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sì yí ti òsì sí i láìsọ̀rọ̀. Àǹtí nu ọwọ́ sí ìró, kò dá ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ dúró, ó sì pa á fún un.