Agbọ́n Tó Jáde Nínú Ẹyin Kòkòrò

Bí òjò bá ti rọ̀ ní Kugbo, ní Àbújá, nígbà náà, òórùn igi tútù ló máa ń gba gbogbo ibi tí mo ti ń la pákó. Ìtì igi kan wà lẹ́yìn ibẹ̀ tó ti ń jẹrà, olú líle sì hù sí i lára bí etí erin. Mo fẹ́ dáná sun ún, torí mo rí àwọn kòkòrò dúdú wínníwínní nínú olú náà, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má lọ kó sínú pákó mi. Tíṣà kan tá a jọ ń gbé àgbàlá kan náà, obìnrin ará Ìlọrin, ló ní kí n ṣe sùúrù. Ó ní olú nìkan ni wọ́n ń jẹ, pé àwọn gan-an lòun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí tóun máa fi gboyè ní yunifásítì.

Ó tú olú náà, ó ṣa ẹyin wọn tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sínú ìgò kékeré, ó gbé e sójú fèrèsé. Ni mo bá di ẹni tó ń yà síbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Á fún mi ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, èmi náà á tẹjú mọ́ ìgò, bẹ́ẹ̀ mi ò lè ṣàlàyé ohun tí mò ń wá.

Nígbà tó yá, ẹyin funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ojú tíṣà fà ro. “Wọ́n ti kú,” ó ní. “Àkókò tí wọ́n fún mi sì ti ń lọ.” Ó fẹ́ dà wọ́n nù.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò kúkú bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ yín.” Ó rẹ́rìn-ín, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan ló pè mí. “Kápẹ́ńtà, ẹ wá wo nǹkan.” Ohun tó dà bí eruku ló ń rìn nínú ìgò. Mo gbé awò lé e, mo rí ìyẹ́ tín-ín-rín tí irun yí ká. Ẹyin dúdú kọ̀ọ̀kan ti dá lu.

“Irú agbọ́n kan tó kéré gan-an ni,” ó ní. “Ìyá wọn ló wọnú olú lọ yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin kòkòrò.”

“Ọmọ kòkòrò wá ńkọ́?”

“Òun ni wọ́n jẹ dàgbà.”

Mi ò mọ̀ bóyá kí n bá a yọ̀ ni tàbí kí n bá a kẹ́dùn. Òun náà ò tíì mọ̀. Agbọ́n yẹn ló padà kọ̀wé lé lórí, wọ́n sì tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà ní yunifásítì.

Àwa tá a wá ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Àbújá nígbà yẹn máa ń sọ pé igbó lásán la bá níbẹ̀. Lẹ́yìn ohun tí mo rí nínú ìgò yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí mọ́. Ẹyin tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní onílé, àlejò sì jẹ onílé náà tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún mi lórí ilẹ̀ tuntun, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí á tó dé.