Etí Ọkọ Mi àti Fàdákà Akọ̀wé

Ẹ jẹ́ kí n bínú, ó tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, aṣebàtà ni. Kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́. Owó fàdákà àtijọ́ ló ń kó jọ, èyí táwọn oníṣòwò ń gbé kọjá òkun kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa. Nígbà yẹn, ìwọ̀n fàdákà rẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn ò bìkítà orí ọba tó wà lára rẹ̀. Oníṣòwò tó bá gbà á á dán an wò, á sì lu òǹtẹ̀ kékeré tirẹ̀ sí i lára, pé òun jẹ́rìí sí i. Òmíràn ti gba òǹtẹ̀ títí ojú ọba fi bàjẹ́. Irú ìyẹn gan-an ni ọkọ mi fẹ́ràn jù. Á ní, "Ìyá Ìbejì, wo iye èèyàn tó gbà á gbọ́ láìmọ ara wọn." Èmi á ní bàtà oníbàárà ṣì wà nílẹ̀ o.

Tó bá fẹ́ dán owó wò, á gbé e lé orí ìka, á fi òmíràn kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fàdákà gidi á dún, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó lọ. Ayédèrú á kàn ṣe "kọ̀," ó parí. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkùnrin yìí, bí mo fẹ́, bí mo kọ̀.

Ṣùgbọ́n etí ọkọ mi ti ń kú, kò sì jẹ́wọ́. Bí o bá sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, á ní òun ń ronú ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Akọ̀wé, tó ń kó fàdákà jọ bíi tirẹ̀, tó máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sátidé. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́! Ó mú owó kan wá tí ọkọ mi ti ń wá kiri tipẹ́, ó ní káwọn ṣe pàṣípààrọ̀, kí ọkọ mi fún òun ní èyí tó dára jù nínú tirẹ̀. Ọkọ mi gbé e sórí ìka, ó kàn án.

"Kọ̀." Mo gbọ́ ọ láti ìdí máṣíìnì tí mo fi ń rán awọ.

Ọkọ mi mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ó dún dáadáa."

Akọ̀wé ń wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo figbe ta: "Kò dún o! Ayédèrú ni!"

Ìyẹn, ọkọ mi gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ le. "Mo ní ó dún. Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?" Ó gbé fàdákà gidi lé olè lọ́wọ́. Olè dúpẹ́, ó ki í bọ àpò, ó lọ.

Mo lọ dúró níwájú ọkọ mi kó lè rí ẹnu mi. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan ni?"

"Rárá. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ kí o tó pariwo."

"Ẹ wá gbà á? Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ràn mọ́, ìdí nìyẹn tó fi gbé e wá!"

"Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Tí mo bá sọ ọ́ síta, ojú á tì í, kò ní wá mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi yòókù ti lọ. Ta ló tún kù tó ń jókòó tì mí?"

Ó mú òòlù, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí kan bàtà. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú la jọ ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lójoojúmọ́ ayé!

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Kò gbọ́.