Ọkọ Tí Dúródọlá Kò Ní

Ẹnu èmi Àṣàkẹ́ kì í dákẹ́. Àwọn tó ń wá dirun lọ́dọ̀ mi ní Schöneberg, ní Berlin níbí, mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìjọ Kérúbù wa náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Dúródọlá yìí, ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé e mì, ó sì há mi lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí, kẹ́ni tó bá fẹ́ bú mi máa bú mi.

Ọdún 1998 ni mo fún un ní yàrá kan nínú ilé mi ní Moabit. Ọmọ Ṣàgámù ni, jẹ́jẹ́ báyìí, ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan. Kódà nínú ibùdó U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, àwọn òyìnbó á máa wò wá. Ìwé tó fi ń gbélùú ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Duldung ni wọ́n ń fún un, ìyẹn ni pé a ṣì ń fara dà á fún ọ, ṣùgbọ́n o máa lọ. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń lọ tò fún un láàárọ̀ kùtù.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú la máa ń fi káàdì pe ìyá rẹ̀. Ẹkún ni Màmá fi ń dáhùn: ọmọ òun ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bí mẹ́ta mẹ́rin. Nígbà tó yá, Màmá gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ nítorí ọkọ. Arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru! Lọ́jọ́ Àìkú kan, Dúródọlá wà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo pè. Àánú Màmá ṣe mí, inú sì bí mi. Mo ní, “Màmá, ẹ lọ jẹun jàre. Dúródọlá ti lọ́kọ. Wọ́n ti ṣe é ní kóòtù níbí, dókítà ni. Ó fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni, ẹ má tíì bá a sọ ọ́.” Hà! Màmá kọrin ọpẹ́ sí mi létí títí káàdì fi tán. Mo rò pé oore ni mo ṣe. Ta ni kì í ṣe irú ẹ̀ nínú wa? A ó kọ́kọ́ fi irọ́ kékeré tu ìyá nínú, tó bá yá, ọkọ á dé, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀.

Ọkọ kò dé. Amelie ló dé. Obìnrin ni, ó ń wa bọ́ọ̀sì ní Hamburg, àdúgbò Jenfeld níbẹ̀ ló ń gbé. Nígbà tí Dúródọlá sọ fún mi pé Amelie ni olólùfẹ́ òun, mo pariwo “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n àìsàn dá Dúródọlá dùbúlẹ̀ nígbà òtútù ọdún yẹn. Bí Amelie bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Berlin, á fọ aṣọ rẹ̀, á fi ṣíbí fún un ní ọ̀gì, á tún padà lọ. Mo wò ó títí. Mo fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni òfin bẹ̀rẹ̀ pé obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì lè lọ forúkọ sílẹ̀ níwájú ìjọba. Wọn ò jẹ́ pè é ní ìgbéyàwó o. Lebenspartnerschaft, àjọṣe ìgbésí ayé, ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan gbé òfin náà lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé kí wọ́n fagi lé e. Dúródọlá kò sùn dáadáa títí di oṣù keje ọdún 2002, tí àwọn adájọ́ sọ pé òfin dúró. Amelie ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù. Tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀, Dúródọlá máa gba ìwé ìgbélùú bí aya ilé. Tí wọn ò bá rí i ṣe, ó di dandan kó lọ. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Amt, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba, ní Hamburg ní kó mú ẹ̀rí wá pé kò lọ́kọ rí. Wọ́n máa ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé, lọ́yà kan tí wọ́n gbà níbẹ̀ á sì lọ sí àdúgbò ẹni lọ béèrè. Ẹ gbà mí gbọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọ̀dọ̀ Màmá ni lọ́yà ń lọ.

Lóṣù kẹta ọdún 2003 ni lẹ́tà dé. Amelie kà á nínú kíṣìnnì mi: ìyá ọmọ yìí sọ pé ọmọ òun ti fẹ́ dókítà kan ní Jámánì, àwọn aládùúgbò méjì sì jẹ́rìí sí i. Ẹni tó ti lọ́kọ kò lè forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì.

“Dókítà wo?” ni Dúródọlá ń béèrè. “Àǹtí, dókítà wo?” Mo dìde, mo lọ bu omi mu.

Amt ní tí ìyá bá lè búra ní kóòtù pé àṣìṣe ni, àwọn á tún un wò. La bá pe Màmá, a sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta látinú fóònù.

“Màmá, mi ò lọ́kọ o.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Má fi mí ṣeré, ọmọ yìí. Àṣàkẹ́ ti sọ fún mi tipẹ́.”

Dúródọlá yíjú wò mí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

“Tóò, bí o ò bá lọ́kọ,” ni Màmá wí, “kí lo fẹ́ fi ìwé ṣe?”

Ó yẹ kó purọ́. Èmi ì bá purọ́! Ṣùgbọ́n ó ní, “Obìnrin ni mo fẹ́ fẹ́, Màmá. Amelie lorúkọ ẹ̀.”

 Màmá ní, “Dókítà ni ọkọ ọmọ mi. Ohun tí mo sọ fún lọ́yà náà ni mo máa sọ ní kóòtù.” Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù lọ. Ó fà mí dìde. “Ẹ dìde, Àǹtí. Ẹ ò mọ̀ ni.” Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Amelie kò gbọ́ Yorùbá, Dúródọlá kò sì túmọ̀ ibi tó kàn mí fún un. Títí dòní, Amelie ṣì ń kọ káàdì Kérésì sí mi.

Lóṣù kẹfà ni wọ́n mú un lọ sí pápákọ̀ òfuurufú láti dá a padà sílé. Èmi àti Amelie sáré débẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ẹbí nìkan ló lè wọlé lọ kí i pé ó dàbọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún. Amelie ní òun ni ẹbí rẹ̀. Ọlọ́pàá béèrè ìwé, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá wo àwọ̀ ara mi.

“Schwester?” Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, ló ń béèrè.

Mo ní, “Ja,” pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Amelie dúró síta, èmi ni mo wọlé lọ dì mọ́ Dúródọlá.