Eyín Mẹ́ta Inú Ọ̀rá

Eyín àtọwọ́dá ni mò ń ṣe ní Katako, nílùú Jos, mo sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi níbikíbi tí mo bá ti rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọlọ́pàábìnrin kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos bíi tèmi, gbé ọ̀rá kékeré kan kalẹ̀ níwájú mi. Eyín àtọwọ́dá mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ti gbé e káàkiri ọ̀dọ̀ àwa oníṣẹ́ eyín. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi nìkan ni mo máa ń ká ẹnu wáyà tó ń di eyín mú padà kó má baà gún èèyàn láhọ́n.

"Ta ni ẹ wá ṣe é fún, Bàbá?"

Ibẹ̀ ni wàhálà wà: n kò rántí. Ọlọ́pàá náà ní ẹnu òkú ni wọ́n ti yọ ọ́: ọkọ̀ ló pa bàbá kan lọ́nà Zawan, àwọn kan sì ti kó fóònù àti báàgì rẹ̀ lọ kí ọlọ́pàá tó dé. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ní mọ́ṣúárì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yọjú, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa sin ín mọ́ àwọn tí kò lẹ́ni. Inú bí mi gan-an. Ẹni tó jókòó síwájú mi, tó la ẹnu fún mi!

Mo máa ń fi simẹ́ńtì funfun mọ àwòṣe ẹnu oníbàárà kọ̀ọ̀kan, n kì í sì í da ìkankan nù. Páálí mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ti bá mi jà lórí wọn títí ó fi sú u. Mo tilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín náà wọn ẹnu kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ọlọ́pàá náà padà wá bá mi nílẹ̀, eruku simẹ́ńtì ti sọ gbogbo irùngbọ̀n mi di funfun.

"Bàbá, a hakura mana, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbìyànjú."

"N kò tíì gbìyànjú tán. Jókòó, kó o máa gbé wọn fún mi."

Ní Ọjọ́bọ̀, nínú páálí kẹsàn-án, eyín náà jókòó pẹ́sẹ́, kò mì. Mo yí àwòṣe náà padà. Èmi ọlọ́gbọ́n, n kì í kọ orúkọ; ohun tí mo fi dá èèyàn mọ̀ ni mo ń kọ. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Atúnaagoṣe, Dilimi."

Ẹni àkọ́kọ́ tí a bi ní àdúgbò Dilimi ló mú wa dé ilé atúnaagoṣe náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní bàbá òun ti lọ sí Iléṣà. Mo fi eyín náà hàn án, ó sì tẹ̀lé wa lọ sí mọ́ṣúárì. Dókítà gbé àwòṣe mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu òkú náà, ó wo àwọn eyín tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ni.

Ọmọ náà béèrè ọjọ́ tó kú. Ọlọ́pàá sọ fún un.

"Ọjọ́ tó kúrò nílé nìyẹn," ó wí. "A jà kó tó lọ. Mo ní n kò ní pè é, àfi bó bá kọ́kọ́ pè mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bínú sí i."

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ títí dé Iléṣà.