Ọyẹ́ àti Ẹja Òkun Inú Pálọ̀ Wa

Láti Ṣakí dé etí òkun, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni, bí ọkọ̀ kò bá taku lọ́nà. Òkè àpáta la ní níbí, oko iṣu àti ọkà bàbà la ní. Ẹni tó bá bi wá nípa òkun, a ó ní a gbọ́ pé ó wà. Ọkọ tèmi ló wá gbé e wọlé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Ìwọ̀n tó gba inú àpótí gíláàsì kan ni, tó gùn tó bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Èkó ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wa ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀gá kan. Nígbà tí ọ̀gá náà ń kó kúrò nílùú, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun mú ohun tó bá wù wọ́n nínú ẹrù ilé. Àwọn tó gbọ́n mú fìríìjì, wọ́n mú tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ mi mú ẹja. Ó kó wọn sínú ike omi òkun, ó jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ọkọ̀ láti Èkó títí dé Ṣakí, bí ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ sọ́sípítù. Nígbà tó tò wọ́n tán nínú pálọ̀, mo wo ẹja, mo wo ọkọ mi, mo ní, "Bàbá wọn, ṣé jíjẹ ni?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Mo gbà pé wọ́n dára wò. Iyùn wà nínú àpótí náà, kì í ṣe iyùn tí ìyàwó ń fi sọ́rùn, èyí tó ṣì wà láàyè ni, tó ń dàgbà lára òkúta bí olú ṣe ń hù lára igi. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó rọ̀, tó ní ìka púpọ̀, tí gbogbo ìka náà ń mì lẹngẹ nínú omi. Àárín ìka yẹn ni ẹja méjì fi ṣe ilé, akọ àti abo, ara wọn pọ́n bí ọsàn, wọ́n sì ní ìlà funfun tó dábùú ara wọn. Àwọn ẹja yòókù ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ọmọ tí kò nílé. Àwọn méjì yìí kì í jìnnà sílé wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá ọkọ mi ṣubú ní Ìgànná. Òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ṣú, òjìji èèyàn nìkan ló ń rí, ìbàdí ló sì fi lélẹ̀. A lọ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ìyá yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó bí àkọ́bí mi. Ìyá ọkọ mi ló wá wẹ ọmọ náà, tó ń ki ọwọ́ bọ omi wò kó tó bu ú sí i lára, òun náà ló ń fi omi gbígbóná jó mi níkùn títí mo fi padà di èèyàn. Ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ni, ìyá ẹni ni.

Ṣùgbọ́n Ìyá kò fẹ́ wà lọ́dọ̀ wa. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí léèrè.

"Ìyàwó mi, ìgbà wo lẹ máa mú mi lọ sílé?"

"Ilé náà lẹ wà yìí, Ìyá."

"Ilé ọmọ mi nìyí. Ilé tèmi ni mò ń béèrè."

Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ káńsù ní Òtù ti ṣèlérí fún un pé bí ọyẹ́ bá ti kọjá lọ, òun á fi mọ́tò gbé e padà sí Ìgànná. Ọkọ mi kò lè sọ pé rárá, torí ìyá ẹni kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ẹni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá padà síbẹ̀ pẹ̀lú ojú yẹn, yóò tún ṣubú, kò sì ní sí ẹni tó máa gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ẹja ló kọ́kọ́ bá mi dá sí i. Ìyá gbọ́ bí omi ṣe ń hó nínú pálọ̀, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣàlàyé àwọn ẹja náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí àwọn pupa méjì tó ní ìlà, ó dá mi dúró.

"Ìlà wo? Ṣé pélé ni àbí àbàjà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ní ó jọ pé àbàjà ni, torí ó dábùú. Ìyá ní bó bá jẹ́ àbàjà ni, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, kò sóhun tó mú wọn dé etí òkun ju òwò lọ. Ó ní kí n gbé ọwọ́ òun sínú omi. Bó ṣe na ìka rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ báyìí, èyí tó tóbi jù nínú àwọn méjèèjì jáde, ó fi ẹnu gbá a ní àtẹ́lẹwọ́, ó sá padà. Ìyá kígbe ẹ̀rín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tó ti dé.

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti kírun àsùbáà tán, tó ti fi òrí para nítorí ọyẹ́ tó ń bọ̀, àpótí gíláàsì ló ń lọ tààrà. Á ki ọwọ́ bọ omi, á ní, "Ẹ jí bí? Ṣé omi ò tutù jù?" Á sì dúró títí wọ́n á fi wá gbá a lọ́wọ́. Kò béèrè ilé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo béèrè bóyá jíjẹ ni wọ́n wá di ẹni tó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí ẹja sí.

Ọyẹ́ wá dé. Ọyẹ́ Òkè-Ògùn kì í ṣeré. Ní àárọ̀, ètè á fọ́, irin ilẹ̀kùn á máa ta ni lọ́wọ́. Bó bá di ọ̀sán, oòrùn á tún jó ni bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Ọkọ mi ní ẹja òkun kò lè fara da kó tutù báyìí kó tún gbóná báyìí. Ẹja òfeefèé kan ló kọ́kọ́ kú. Ọkọ mi wo hítà tó ń mú omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́, iná pupa rẹ̀ ń tàn dáadáa, ó ní kì í ṣe hítà ló fà á. Ẹja kejì kú kí ọkọ mi tó fi ọwọ́ kan hítà náà, tó bá a tó tutù nini. Iná ń tàn lójú rẹ̀ lásán, bí ẹni tó gbé ìkòkò ka orí ààrò tí kò dáná sí i. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò sí iná, tí sólà kò lè gbé e, a ń rọ omi gbígbóná sínú ike, a ń fi ike náà léfòó lójú omi, a sì fi kúbùsù yí àpótí náà ká. Àwọn tó wá gba aṣọ tí mo rán fún wọn ń bi mí ta ni ara rẹ̀ kò yá.

Iyọ̀ ló tún kàn. Ọyẹ́ ń fa omi lójoojúmọ́, omi inú àpótí ń fà, ọkọ mi sì ń fi omi oníyọ̀ dí i. Iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í kákò. Ẹnì kan tó ń sin irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní Èkó ló sọ fún un lórí fóònù pé omi nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ, omi lásán ló yẹ kó fi máa dí i. Èmi tí mo ti ń se ọbẹ̀ láti kékeré, tí mo mọ̀ pé ọbẹ̀ tó bá gbẹ yóò níyọ̀ jù, kò sẹ́ni tó bi mí.

Hítà dára, iyọ̀ dára, ẹja kò dára. Àwọn tó kù ń lọ sókè lójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn pupa méjì náà ló ṣẹ́kù, wọ́n sì ti fi ilé wọn sílẹ̀, wọ́n ń mí gúlegúle lókè. Ìyá na ọwọ́ títí láàárọ̀, wọn kò wá. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Bí àwọn méjì yìí bá lọ, ìyàwó mi, kí ẹ má wulẹ̀ dá mi dúró mọ́. Kí ni mo tún ń ṣe níbí?"

Mo lọ jókòó sídìí máṣìnì mi, n kò lè rán nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sójú omi, mo sì rí i tó ń dán yinrinyinrin, tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi, bí omi tí wọ́n fi fọ àwo ẹran. Mo mú bébà kan, mo tẹ́ ẹ lé ojú omi, mo gbé e sókè. Ọ̀rá ti gba gbogbo rẹ̀ bíi bébà àkàrà. Mo gbé e sí imú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n. Òrí ni. Àárọ̀ gbogbo ni Ìyá ń fi ọwọ́ tí òrí ṣì tutù lára rẹ̀ kí ẹja kú àárọ̀, òrí náà ti bo ojú omi, atẹ́gùn kò rí ọ̀nà wọlé sí i.

Mo pe ọkọ mi sí ilé ìdáná, mo fi bébà náà hàn án. Ó ní kò sọ́nà míì, àfi ká sọ fún Ìyá pé kó má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́. Mo ní kó má dá a láṣà. Ọwọ́ yẹn ló fi ń rí wọn. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a ti fọ́ ọ lójú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, bí a bá sì sọ fún un pé òun ló ń pa wọ́n, kò ní dúró di ọjọ́ tí àbúrò ọkọ mi máa dé. A ń jiyàn wúyẹ́wúyẹ́, a gbàgbé pé etí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú kì í ṣeré. Ọ̀pá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọwọ́ mi ni, àbí?"

Mo kúnlẹ̀, n kò mọ ìdí tí mo fi kúnlẹ̀.

"Mo bi yín. Ọwọ́ mi ló ń ṣe wọ́n?"

"Òrí ni, Ìyá," ni ọkọ mi wí. "Kì í ṣe ọwọ́ yín."

"Bí mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ọṣẹ tún burú jù ú lọ, Ìyá."

Ìyá ní kò ṣòro, ọwọ́ kan ṣoṣo lòun fi ń kí wọn.

Ọkọ mi fi bébà nu ojú omi náà títí ọ̀rá fi tán, ó pààrọ̀ omi díẹ̀, ó gbé pọ́ǹpù sókè kó lè máa ru ojú omi. Àwọn méjèèjì padà sílé wọn, wọ́n sì jẹun. Ìyá ń fi òrí pa gbogbo ara rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àfi ọwọ́ ọ̀tún láti ọrùn ọwọ́ lọ sísàlẹ̀. Èmi ló ní kí n máa bá òun pa ti òsì, kí ọ̀tún má bàa kàn án. Bí ọyẹ́ ṣe ń le sí i, ọwọ́ ọ̀tún náà ń funfun, ó ń sán, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú oríkèé. Bó bá ki í bọ omi oníyọ̀ láàárọ̀, Ìyá á dijú pa, á dúró bẹ́ẹ̀, á wá ní, "Ó tutù díẹ̀ lónìí," ọkọ mi á sì lọ gbé omi kaná. Ọ̀rọ̀ Ìyá sábà máa ń bá ti gíláàsì tí a fi ń wọn ooru mu. Bí wọn kò bá bára mu, ọkọ mi á ní gíláàsì ló parọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ọwọ́ tó wẹ ọmọ mi ni mò ń wò tó ń là bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tó gbẹ. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ṣé n kò rí aṣọ rán ni.

Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ooru dé, àbúrò ọkọ mi pè pé òun ń bọ̀. Ìyá ní kí n di ẹrù òun. Mo dì í, mo ń sunkún, mo sì ń ṣe bí ẹni tó ń fi imú fa ọ̀fìnkìn kó má bàa mọ̀.

Àbúrò ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì yí i wò. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ọwọ́ òsì tó ń dán, ó wo ọ̀tún, ó wá wo èmi.

"Ìyàwó wa, kí ló ṣe Ìyá lọ́wọ́? Ṣé òun lẹ ní kó máa fọ aṣọ ilé yìí ni?"

Ìtìjú bò mí. Ọkọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá dá a lẹ́kun.

"Iṣẹ́ ló ṣe é," ló wí.

"Iṣẹ́ wo, Ìyá?"

Ìyá fà á lọ́wọ́, ó mú un lọ sídìí àpótí gíláàsì náà. Ibẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ nínú ilé yìí láìlo ọ̀pá. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ inú omi, ó dúró. Ẹja pupa tó tóbi náà jáde, ó gbá a lọ́wọ́. Àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, òun náà na ọwọ́.

"Ṣé o fi òrí para?" ni Ìyá bi í.

"Mo fi para, Ìyá."

"Mú ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀." Ó gbá a lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Òtù dára, Ìgànná dára. Bí mo bá bá ọ lọ, ta ló máa bá wọn yẹ omi wò láàárọ̀ ọ̀la?"

Ọmọkùnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ilẹ̀. N kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo wọ yàrá Ìyá, mo tú ẹrù náà kó tó yí ọkàn rẹ̀ padà.