Ojú Ìwé Tí Dúpẹ́ Ya

Ìbùkún, ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì gbé páálí kékeré kan dání bí ẹni tó gbé ẹyin. Fíìmù àtijọ́ kan ni wọ́n tún ṣe jáde. Wọ́n nu ìdọ̀tí ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí sídì, wọ́n wá kó o sínú àpótí líle pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ tí àwòrán kún inú rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kó jọ, wọn kì í sì í yá a fún ẹnikẹ́ni. Mo ń ṣa ẹ̀wà lórí àga nígbà tó ya ọ̀rá ara rẹ̀. Òórùn ike tuntun àti ti ìwé tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì pẹ́ gba inú pálọ̀, ọwọ́ mi sì dúró nínú ẹ̀wà. Mo ti gbọ́ òórùn yẹn rí, ní Ìkọ̀lé, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kì í tún ṣe òórùn nìkan. Obìnrin tó jókòó nídìí òfì lójú àpótí náà, mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí fíìmù ń bẹ nínú fóònù yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún wa. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò la máa ń yá ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, ẹ̀dà inú ẹ̀dà sì ni wọ́n ń yá wa. Àwòrán ara páálí rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Bí fíìmù bá dé ibi tó dùn, òjò funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, a ó sì máa fi etí wo ìyókù. A ò mọ̀ pé ó lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi ọjọ́ tí Tíṣà dé láti Ìbàdàn. Tíṣà ni bàbá Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Àgbàlá kan náà la jọ ń gbé, ilé wọn kọjú sí tiwa, àwọn nìkan ló sì ní ẹ̀rọ fídíò. Ó yọ ọ́ nínú báàgì: àpótí tó le bíi Bíbélì, kásẹ́ẹ̀tì méjì nínú rẹ̀, apá kìíní àti apá kejì, àti ìwé pẹlẹbẹ tó ní àwòrán àwọn òṣèré àti ọ̀rọ̀ orin wọn. Ojúlówó ni. Tíṣà ní fíìmù náà ti jáde ní sinimá kí wọ́n tó bí wa, ó sì sọ ọ́ bíi pé òun ni wọ́n fi ṣọ́ ọ láti ìgbà náà. Ìyá Dúpẹ́ fi aṣọ ìnujú tuntun wé e, ó tò ó ti ìwé orin ìjọ. Ìyá àgbà kan nínú àgbàlá wa, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, rí obìnrin tó ń hunṣọ lójú àpótí, ó sì kí i kú uṣẹ́.

Kí a tó wò ó, a fọ ọwọ́, a fọ ẹsẹ̀, a jókòó lórí ẹní bí a ṣe ga sí. Tíṣà gbàdúrà. Ó ka ìwé náà sókè fún wa bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bo ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó ní ibẹ̀ kò tíì kàn wá. Dúpẹ́ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, ẹ̀rín sì fẹ́ pa wá.

Ìtàn náà kò le. Opó kan ń hun kíjìpá, ohun tó ń rí nídìí rẹ̀ ló fi rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí ìlú ńlá. Ọmọ dé ọ̀hún, ó gbàgbé ilé. Ọdún ń gorí ọdún, ìyá ń hun aṣọ kan, ó ní òun ni ọmọ òun yóò fi bora nígbà tó bá dé. Ní ìparí apá kìíní, lẹ́tà dé pé ara ìyá kò yá. Ọmọ bẹ́ sínú lọ́rì. Lọ́rì ń lọ lójú ọ̀nà pupa, eruku ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, orin ń lọ, kásẹ́ẹ̀tì sì tán. Tíṣà ní ó di ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Ọjọ́ Àìkú náà kò bá mi nílé. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ tí a wo apá kìíní ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá mi, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Wọ́n mú èmi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ifisin. Òwúrọ̀ òwúrọ̀ ni ìyá àgbà ń gbé oúnjẹ lọ fún un, èmi á ṣẹ́kù sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe epo, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ wọ́ọ̀dù. Bí mo bá béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí, wọ́n á ní kí n lọ máa ṣa ẹyìn.

Bí mo ṣe ń ṣa ẹyìn ni lọ́rì inú fíìmù ń lọ lójú mi. Ooru ìkòkò epo á mú kí gbogbo nǹkan máa mì, igi ọ̀pẹ ń mì, ọ̀nà Ìdó ń mì, mo sì ń rí ọmọ náà tó di igi lọ́rì mú. Nígbà tó yá, n kò mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyá mi mọ́. Mo wá bá ara mi dá májẹ̀mú: bí ọmọ yẹn bá bá ìyá rẹ̀ láàyè, ìyá tèmi náà á dìde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Dúpẹ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá kí wa. Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé, mo sọ májẹ̀mú náà fún un, òun nìkan ni mo sì sọ ọ́ fún. Mo ní kó sọ fún mi bóyá ọmọ náà bá a.  Dúpẹ́ wo ojú mi, ó wo epo tó gbẹ sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní:

“Ó bá yèyé rẹ̀ núlé.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó ní ìyá jókòó nídìí òfì, ó ń já òwú tó kẹ́yìn. Ó ní kò sunkún, kò bínú, ó kàn ní kí ọmọ lọ fọ ọwọ́, kó wá jẹun, nítorí uṣu ti jinná. Ó fa ìborùn ìyá àgbà mi yọ lórí okùn, ó ní báyìí ni ìyá ṣe ta aṣọ náà bò ó, ó sì fi bò mí. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ sí i, ìyá mi jáde ní ọsibítù. Ó rù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé.

Nígbà tí a padà sí Ìkọ̀lé, n kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí mo ti ń béèrè apá kejì. Ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà ti fa okùn dúdú inú rẹ̀ jáde, ó ta á sórí àgbàdo ẹ̀yìnkùlé láti fi lé ẹyẹ. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Okùn náà ń dán nínú oòrùn, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú afẹ́fẹ́, gbogbo ìparí ìtàn náà sì wà lókè orí mi níbi tí n kò ti lè rí i. Bí mo bá bi àwọn àbúrò Dúpẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀, wọ́n á wá ní ó bá a nílé.

Lẹ́yìn náà ni Tíṣà rí i pé ẹnìkan ti ya ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé pẹlẹbẹ náà. Ó tò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dúpẹ́ jáde síwájú, ó ní ọwọ́ òun ló ṣe é. Wọ́n bi í léèrè ìdí, kò sọ. Wọ́n nà án, kò sọ. Ó kúnlẹ̀ lábẹ́ igi káṣú títí oòrùn fi yí, mo sì kọjá lára rẹ̀ láìwo ibi tó wà. Inú bí mi ju Tíṣà lọ, nítorí ìwé yẹn nìkan ló kù tí mo lè fi rí ìparí. Mo pè é ní apanirun. Mo ní n kò bá a ṣe mọ́, mo sì ṣe bí mo ti wí.

Ní ìparí sáà náà, wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ilé ìwé mìíràn. Ó ní kí n máa mú àpótí náà, ohun tó ti di ààbọ̀ kò wu òun mọ́. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù sọ́kọ̀, mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ tí Dúpẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì. N kò jáde. Ọkọ̀ gbéra, n kò sì fojú kan Dúpẹ́ mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo pàdé àbúrò rẹ̀ kan níbi tí a ti ń wọ takisí ní Ìfàkì, òun ló sọ fún mi pé Dúpẹ́ ti kú.

Èmi àti Ìbùkún jọ wo fíìmù náà. Mo gbé àpótí àtijọ́ jáde fún un, inú rẹ̀ dùn títí ó fi ṣí ìwé rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ló bá mí kanlẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ká ní ó pé ni.” Apá kejì bẹ̀rẹ̀. Lọ́rì dé, ọmọ sáré wọ àgbàlá. Òfì dúró ti ògiri, aṣọ dé ìdajì lára rẹ̀, àpótí ìjókòó ìyá ṣófo. Àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀, wọ́n ti ṣí gèlè. Kò sí uṣu, kò sí ẹni tó ní kó lọ fọ ọwọ́. Mo gba ìwé tuntun lọ́wọ́ Ìbùkún, mo ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Àwòrán kan náà ló wà níbẹ̀: òfì, àti àpótí tó ṣófo.

Nígbà náà ló yé mi. Dúpẹ́ rí ohun tí màá rí bí mo bá ṣí ìwé yẹn, ó sì gbà kí wọ́n na òun jù kí n rí i lọ. Kódà nígbà tí ara ìyá mi yá, kò sọ ọ́. Bóyá ó rò pé májẹ̀mú náà lè yẹ̀. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi ní òwe yẹn, n kò mọ̀ pé ẹni tó ni ín ni mo pè ní apanirun. Mo sunkún. Ìbùkún rò pé fíìmù ló pa mí lẹ́kún, mo bá jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Nǹkan ti yí. Sídì yìí, ẹ̀rọ kò ní jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi í lé ẹyẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé àgbàlá wa ní Ìkọ̀lé báyìí, n kò sì rò pé wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wo fíìmù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tún un ṣe, ojú rẹ̀ mọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, èyí tí Dúpẹ́ ṣe fún mi lẹ́yìn ilé ní Ifisin ni mo ṣì ń rí, ìborùn sì wà léjìká mi.

Kí Ìbùkún tó padà sí Ọ̀yẹ́, ó ní òun lè tẹ ẹ̀dà ojú ìwé náà, kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àtijọ́ kó lè pé. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó pé. Nígbà tó lọ, mo fi ìka tọ etí ibi tí ọwọ́ ọmọdé ti ya ìwé náà. Ọmọ inú fíìmù pẹ́ kó tó délé. Èmi náà pẹ́. Dúpẹ́, o pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ti jáde o. N kò bá ọ nílé.